Àpótí Erinmi: Eré Ọwọ́ Tí A Ṣe Sínú Àpótí Ọṣẹ ní Niamey

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń béèrè irú iṣẹ́ tí ẹ lè kọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ tèmi fún yín. N kò ní kí ẹ kọ́ iṣẹ́ tí mo kọ́, n kò sì ní kí ẹ má kọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi, àti ohun tó gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ mi, kí ẹ tó pinnu.

Sàfúrátù ni orúkọ mi. Niamey ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Wadata, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Bàbá mi ń ta aṣọ ní ọjà Petit Marché. Ó fi mí sí ilé-ìwé àwọn Faransé, mo sì kà á dé ibi tí mo ti lè ka ìwé ìjọba fún àwọn ará wa tí kò gbọ́ èdè náà. Èrò rẹ̀ ni pé tí mo bá jáde, n ó jókòó ti ìsọ̀ aṣọ títí ọkọ yóò fi dé. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí rédíò rẹ̀ bàjẹ́.

Ó ní kí n gbé e lọ fún Bàbá Gánà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Wadata ń pe Alàgbà Mudaṣiru, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń tún rédíò ṣe ní Kùmásì kí wọ́n tó lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Gánà. Ó dé Niamey pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àpò irinṣẹ́ kan ṣoṣo. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Mo gbé rédíò sílẹ̀, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yẹ kí n máa lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi tò ó padà.

"Kí lo ń wò láti àárọ̀?" ó bi mí.

"Mo ń wo ibi tí ohùn ń gbà wọlé, sà."

"Ṣé o wá rí i?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Ká ní o sọ pé o rí i ni, ǹ bá lé ọ lọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bẹ bàbá mi. Ìyá mi ló bá mi parí rẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin tó jókòó sójú kan tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, kí ló fi yàtọ̀ sí aránṣọ? Bàbá mi ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù máa wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ó wọ ṣọ́ọ̀bù lónìí kí ẹ máa tún nǹkan ṣe lọ́la, ẹ gbọ́. Oṣù méje ni mo lò kí n tó fọwọ́ kan irin òjé, ìyẹn irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ òjé láti lẹ wáyà mọ́ra. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣa àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ inú rédíò sọ́tọ̀ nípa àwọ̀ tó wà lára wọn. Ọ̀gá á da gbogbo rẹ̀ sínú abọ́, á pò ó pọ̀, á ní kí n tún un ṣà. Tí mo bá ṣi ẹyọ kan mú, á tún dà á pọ̀. Kì í bú mi. Kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́ rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Nígbà tó fún mi ní irin ni ìyà gidi tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ibi tí mo bá fi òjé lẹ̀, tí a ń pè ní ojú òjé, á fi ẹ̀mú kékeré fà á wò. "Ó ń dán, àmọ́ kò mú," á wí, á sì já a. Mo rántí rédíò olùkọ́ kan tí mo fi gbogbo òwúrọ̀ lẹ̀. Ojú òjé méjì péré ló kù nínú rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá fà á tán. Mo sunkún. Ó dúró títí mo fi nu ojú mi, ó wá ní, "Olùkọ́ yìí ń lọ sí abúlé tí kò ti sí ẹni tó lè tún un ṣe. Tó bá já mọ́ ọn lọ́wọ́, ìwọ kò ní sí níbẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Tún un lẹ̀." Òfin kan wà tí kì í yẹ̀: iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti fa gbogbo ojú òjé rẹ̀ wò.

Lásìkò yẹn, àwọn sọ́jà ló ń ṣe ìjọba. Wọ́n ń wa yuréníọ̀mù, kùsà olówó iyebíye, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá, owó sì ti dé Niamey. Ilé alájà púpọ̀ ń dìde níbi tí a mọ̀ sí yanrìn lásán. Àwọn tó ń ti Arlit, ìlú ìwakùsà náà, bọ̀ ń gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ ìṣirò wá fún wa. Ṣùgbọ́n inú ìbẹ̀rù ni a ti ń jẹ ayé náà. Ènìyàn kì í sọ̀rọ̀ ìjọba sókè, kódà nínú ilé ara rẹ̀. Àwa tí a ń tún rédíò ṣe, ojú ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń wò wá, torí ẹni tó lè tún rédíò ṣe lè ṣe èyí tó ń ránṣẹ́ jáde. Àwọn jándáàmù, ìyẹn ọlọ́pàá wọn, a máa wọlé láìkí ènìyàn, wọ́n á kọ orúkọ wa, wọ́n á béèrè ohun tí wáyà kọ̀ọ̀kan wà fún. Ọ̀gá gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Faransé. Èmi ni mò ń dáhùn títí wọ́n á fi jáde.

Ànàsáárà kan, bí a ti ń pe òyìnbó níbẹ̀, tó jẹ́ ẹnjiníà ní ibi ìwakùsà náà ló gbé nǹkan kan wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, irú èyí tí a kò rí rí. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní bọ́tìnnì, ó ní ojú dúdú tí iná pupa wẹ́wẹ́ ń tàn nínú rẹ̀. Ó ní eré ọmọ òun ni, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wáyà bátìrì ló já. Kò pẹ́ rárá tí a fi tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹnjiníà náà kò padà wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá kò sì gbé nǹkan náà sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ó tú u, ó ya gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà nínú rẹ̀ sórí ìwé.

"Sàfú, wo èyí," ó ní, ó nawọ́ sí ẹ̀yà dúdú kan tó ní ẹsẹ̀ púpọ̀. Kòkòrò ni àwa ń pè é nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló lè ṣe irú kòkòrò yìí. Ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké wà nínú ẹ̀rọ tó ti kú. Tí a bá so bíi mẹ́fà pọ̀, wọn ò ní gbọ́n tó eléyìí, àmọ́ wọ́n á lè ṣeré."

Nígbà tí ẹnjiníà dé, mo bẹ̀ ẹ́ ní Faransé pé tí wọ́n bá ń kó àwo inú ẹ̀rọ tó bàjẹ́, èyí tí kòkòrò ń wà lára rẹ̀, dànù ní ibi iṣẹ́ wọn, kó bá wa kó díẹ̀ wá. Ó rẹ́rìn-ín. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó já àpò kan sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Eré wo wá ni a ó ṣe? Bọ́ọ̀lù ni ọ̀gá kọ́kọ́ rò. Ẹni tó fún wa ní eré náà ni Hama, apẹja ọmọ Sóńkò, ẹ̀yà àwọn ará etídò, ẹni tó máa ń gbé rédíò rẹ̀ wá nítorí omi tó ń wọ inú rẹ̀. Ó jókòó tì wá lọ́jọ́ kan, ó ń sọ bí erinmi ṣe fẹ́ dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé.

"Àwọn tó ń kú, àwọn tó ń sáré kọjá ni," ó wí ní Haúsá. "Tí ó bá ti rì, ìwọ dúró. Tí o bá rí omi tó ń ru, ìwọ padà sẹ́yìn. Kò sí ìtìjú nínú pípadà."

Ọ̀gá wò mí, èmi náà wò ó. Ọjọ́ yẹn ni eré wa bẹ̀rẹ̀.

Oṣù mẹ́sàn-án ni a fi ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ oníbàárà. Bí ó ṣe rí nìyí: iná kan ni ọkọ̀ ojú omi, ó wà létí odò nísàlẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni odò náà, àwọn iná tó ń yọ tó ń rì nínú rẹ̀ ni erinmi. Bọ́tìnnì kan ń gbé ọ síwájú, èkejì ń dá ọ padà. Tí erinmi bá yọ níbi tí o wà, ó parí, ohùn kékeré á sì dún "píì" láti inú ẹ̀rọ agbọ́létí rédíò tí a fi sínú rẹ̀. Kò sí ibi tí a ti lè rí ilé tí a ó kó o sí, títí tí mo fi rí àpótí ọṣẹ oníke ní Petit Marché, èyí tó ní ìdérí. Ó gba gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ìyẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù nínú rẹ̀, àṣìṣe ni. Kọndẹ́ńsà, ẹ̀yà kékeré tó ń fún erinmi ní àkókò rẹ̀, kì í ṣe ojúlówó. Tí ooru bá mú, erinmi á máa yára. Nígbà ọyẹ́, á máa fà bí ẹni tí oorun ń kùn. Ọ̀gá fẹ́ tún un ṣe. Hama gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe lódò. Inú máa ń bí wọn tí omi bá gbẹ." A fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àpótí Erinmi tàn káàkiri ju bí a ti rò lọ. Àwọn olùkọ́ rà á, àwọn awakọ̀ rà á, àwọn tó ń wa kùsà ní àríwá ránṣẹ́ wá rà á. Ènìyàn á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á yí ẹni tó ń fi í ṣeré ká, wọ́n á máa pariwo "Padà! Padà!" Iṣẹ́ wa ni. Kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀, torí ọ̀gá ní kí a má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa pọ̀ nílùú onílùú.

Ibi tí mo ti kùnà ni mo dé yìí.

Ó ku díẹ̀ kí Iléyá pé. Ibà dá ọ̀gá dúbúlẹ̀ sílé. Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ìdí, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Arlit, dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gba àpótí mẹ́ta. Ọkọ̀ rẹ̀ ti ń dún lójú títì. Mo ti parí méjì, mo ń lẹ ẹ̀kẹta lọ́wọ́. Ó yẹ kí n sọ fún un pé kó dúró di ìgbà tí ọ̀gá bá fà á wò. Mo rò ó. Mo tún rò pé ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́, pé ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe é. Mo pa ìdérí dé, mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un.

Ọjọ́ kejì ni a gbọ́ pé àwọn kan láàárín àwọn sọ́jà fẹ́ gbàjọba, pé ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Òfin kónílé-ó-gbélé ti òru bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ Ìdí wà nínú àwọn tí wọ́n dá dúró, bí wọ́n sì ti ń tú ẹrù rẹ̀ ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí dún nínú àpò: píì, píì, píì. Wọ́n ṣí àpò náà, wọ́n rí àpótí ọṣẹ tó ń tan iná pupa fúnra rẹ̀. Gbogbo àwọn sọ́jà dojú bolẹ̀. Nígbà tí kò bú, wọ́n jù ú sínú garawa omi, wọ́n sì dojú kọ Ìdí. Wọ́n lù ú títí ó fi sọ ibi tó ti rí i.

Mo ti ọjà ìrólé dé bá ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti fọ́. Rédíò àwọn ènìyàn wà nílẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá wà lójú pópó láìborí. "Orí ẹní ni wọ́n ti gbé e," ó ní. "Ara rẹ̀ ṣì ń gbóná."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, àwọn àgbà ará wa péjọ sí ilé bàbá mi. Gbogbo wọn ló ti rí Gánà. Wọ́n ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ìsọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù nínú rẹ̀.

"Tí wọ́n bá sọ pé ọmọ Yorùbá kan ń ṣe bọ́ǹbù, gbogbo wa ni wọ́n máa kó sínú ọkọ̀," ọ̀kan nínú wọn wí. "Ẹ jẹ́ kí a dákẹ́. Ẹ kó gbogbo ohun tó jọ ọ́ dà sínú odò. Mudaṣiru á bá Ọlọ́run rẹ̀ rìn."

Inú yàrá ni mo ti ń gbọ́. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá Gánà kò gbọ́ Faransé. Ìbéèrè yòówù kí wọ́n máa bi í níbẹ̀, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tí ó bá sì dá wọn lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, á tún burú sí i. Ẹ jẹ́ kí n lọ."

  Bàbá mi dìde, ó lọ wọ fìlà rẹ̀. "N ó sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn," ó ní. "Ọ̀la, láàárọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Wọn kò jẹ́ kó wọlé. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lábẹ́ igi dógóyárò kan níwájú ọgbà àwọn jándáàmù, èmi nìkan ni mo wọlé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ mi.

Kápítéènì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà kò dàgbà. Àpótí ọṣẹ wa wà lórí tábìlì rẹ̀ nínú abọ́ kan, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Sájẹ́ǹtì kan dúró sẹ́yìn mi.

"Ta ló rán yín?" Kápítéènì bi mí ní Faransé.

"Kò sí ẹni tó rán wa, Kápítéènì. Eré ni."

"Eré." Ó fi ìka ti abọ́ náà. "Ọkùnrin àjèjì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti Gánà wá, ń ṣe àpótí tó ń dún, tó ń tan iná, tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára. Lọ́sẹ̀ yìí kan náà. O fẹ́ kí n gbà pé eré ni?"

"Mo lè fi hàn yín."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Kò tàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Kò ṣeré," ó ní.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé omi ló wọ̀ ọ́. Ó gbà kí a sá a sóòrùn. Mo dúró tì í nínú ọgbà, ìbọn sájẹ́ǹtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń gbọ́ tí ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Mo mọ ikọ́ náà. Ọ̀gá mi ni. N kò lè pè é.

Nígbà tó gbẹ, wọ́n yọ wáyà fáànù kápítéènì kúrò lára ògiri kí n lè ki irin òjé mi bọ̀ ọ́. Ooru bo yàrá náà. Mo ṣí ìdérí, mo fi ẹ̀mú fa àwọn ojú òjé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọ̀kan yẹ̀ lẹ́nu ẹ̀mú. Wáyà tó ń mú iná ti ara bátìrì wá ni, ó ti kúrò ní àyè rẹ̀, ó sì lè máa kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń mì. Ìyẹn ló mú kí àpótí tan ara rẹ̀ nínú ẹrù. Ojú òjé náà ń dán. Mo mọ ọwọ́ ara mi. Èyí tí mo lẹ̀ nígbà tí Ìdí dúró sí ẹnu ọ̀nà ni.

Òjé kán sórí ìwé kápítéènì. Mo gbé irin kalẹ̀, mo mí, mo tún gbé e. Mo lẹ̀ ẹ́. Mo fà á. Ó mú. Mo fi bátìrì tuntun sí i, iná sì tàn.

Mo gbé ọkọ̀ kọjá odò náà lẹ́ẹ̀kan kí ó lè rí i. Kápítéènì gbà á lọ́wọ́ mi. Erinmi jẹ ẹ́ ní ìlà kejì. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún jẹ ẹ́. Ooru ti mú un yára gan-an. Nígbà tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ẹ ń sáré jù, Kápítéènì. Ó yẹ kí ẹ padà sẹ́yìn."

Sájẹ́ǹtì ni. Kápítéènì gbójú sókè wò ó. Ó na àpótí sí i. Ọmọ etídò ni sájẹ́ǹtì náà. Ó dúró, ó padà, ó tún dúró, ó kọjá. Ó dá a padà sórí tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn," ó ní jẹ́jẹ́.

"Kí ló dé tó fi tan ara rẹ̀ lójú ọ̀nà?" Kápítéènì bi mí.

Mo lè sọ pé ọkọ̀ ló mì jù. Mo lè sọ pé Ìdí ló ṣí i. Mo ní, "Èmi ni. Mo kánjú lẹ ojú òjé kan, mo sì jẹ́ kó jáde láìjẹ́ kí ọ̀gá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ibà ló dá a dúbúlẹ̀. Kò mọ̀ pé ó jáde."

Ó wò mí bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan. Ó fa ìwé kan síwájú. "Gbọ́. Tí orúkọ àjèjì bá wà lórí ìwé yìí, mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sókè, n kò sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Tó bá jẹ́ orúkọ ọmọbìnrin tí wọ́n bí síhìn-ín, tó lọ ilé-ìwé síhìn-ín, orí tábìlì mi ló máa parí sí. Ta ló ṣe àpótí yìí?"

"Èmi," ni mo wí.

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo sì tún fọwọ́ sí i pé a kò ní ṣe òmíràn mọ́ láé. Nígbà tí mo jáde, bàbá mi ṣì wà lábẹ́ igi níbi tí mo fi í sí.  Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé Wadata, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ọ̀gá sílẹ̀. Wọ́n ti fọ́ ìka mẹ́ta ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn ìka náà jinná, ṣùgbọ́n wọn kò ká mọ́. Kò tún lè di irin òjé mú mọ́ títí ó fi kú.

Mo lọ bá a nílé. Mo sọ ọ́ fún un bí ó ti rí, láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ó dákẹ́. Ẹ ti mọ irú ìdákẹ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Gbogbo iṣẹ́ tó jáde nígbà tí mo wà lórí àìsàn, o mọ àwọn tó ni wọ́n?"

"Mo mọ̀ wọ́n, sà."

"Lọ gbà wọ́n padà. Gbogbo wọn. Jókòó síwájú mi kí o fà wọ́n."

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi lọ kiri ilé àwọn ènìyàn tí mo ń tọrọ rédíò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Mo jókòó níwájú rẹ̀, mo fa ojú òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ń wò. Kò já òmíràn. Nígbà tí mo parí èyí tó gbẹ̀yìn, ó ní, "Ó kù sí ọwọ́ rẹ báyìí." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, òun á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa sọ, èmi á máa ṣe. Ìdí kò tún gba àdúgbò wa kọjá mọ́. Mo ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. N kò dá a lẹ́bi.

Ìgbà tí wọ́n ní kí a má ṣe Àpótí Erinmi mọ́ ni àwọn ènìyàn wá ń wá a kiri. Àwọn tó ní in fi pamọ́ bí wúrà. Wọ́n á fi aṣọ ọmọ wé e wá fún mi, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, nǹkan yẹn ń ṣàìsàn." Ní ọ̀sán kan, ọkùnrin kan tó wọ bùbá wọlé, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ àpótí ọṣẹ kan láti inú àpò. Mo wo ojú rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni.

"Iná ìlà kẹta kò tàn mọ́," ó ní.  Mo tún un ṣe, ó sì lọ.

Lẹ́yìn náà ni owó yuréníọ̀mù já wálẹ̀ lọ́jà, àwọn ẹnjiníà ń lọ sílé. Irinṣẹ́ yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Fídíò dé, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dé, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà fóònù tí kòkòrò inú rẹ̀ kéré ju èyí tí ojú lè rí lọ. Mo ra awò ńlá tó ń mú nǹkan tóbi, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí irun mi ti ń funfun. Mo kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí àdúgbò Banifandou, mo kọ́ ọmọbìnrin mẹ́sàn-án níṣẹ́, méje nínú wọn ṣì ń jẹun lórí rẹ̀. Ọ̀gá mi ti kú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ojú mi ló dá mi dúró níkẹyìn. N kò kábàámọ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ti fẹ́ràn ọ̀pọ̀ nǹkan láyé. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta wà tí n kò lè san padà, mo sì ń rí wọn lójú mi lójoojúmọ́.

Ohun tó mú mi sọ gbogbo èyí ni Nafísátù, ọmọ ará wa kan ní Banifandou, tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá Àpótí Erinmi kiri. Wọ́n ti rí mọ́kànlá. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń fi í ṣeré, wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ sórí fóònù, àwọn ènìyàn láti ìlú òkèèrè ń kọ̀wé béèrè ẹni tó ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn ti rí ìwé àwọn jándáàmù ọjọ́sí níbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. Nafísátù wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn, ó gbé ohun tí wọ́n fẹ́ kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì wá fún mi kà.

"Màmá, ẹ wò ó. Ẹ̀yin nìkan ni créatrice, ẹni tó dá a sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé ìjọba, ẹ fọwọ́ sí i."

Mo kà á. Orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa níbẹ̀," mo wí fún un.

Ẹnu yà á. Mo ní kó jókòó, mo sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un. Nígbà tí mo parí, ó ti ń nu ojú rẹ̀. Ó mú bírò, ó pa ìlà àkọ́kọ́ rẹ́.

"Kí ni kí n wá kọ, Màmá?"

"Kọ ọ́ pé Hama apẹja ló mọ eré náà. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Alàgbà Mudaṣiru ló ro gbogbo rẹ̀, òun ló mọ bí iná ṣe máa rìn nínú rẹ̀, òun ló kọ́ mi. Orúkọ tirẹ̀ ni kó ṣáájú."

Ó kọ ọ́, ó yí ìwé náà sí mi. Mo gbé awò mi sójú, mo kà á dáadáa. Mo dá a padà fún un.

"Tún un kọ," mo ní. "O ò fi àmì sábẹ́ ṣ inú Mudaṣiru."